Dóòmù Perspex fún ọkọ̀ abẹ́ omi àfọwọ́kọ́: etí rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ rò, kì í ṣe àárín

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Kubwa kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ń fi táǹkì irin kọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré, ti ẹnì kan ṣoṣo, òun sì fẹ́ kí iwájú rẹ̀ jẹ́ dóòmù tó mọ́ gaara kí òun lè máa ríran yí ká. Ó ti ra ṣíìtì Perspex oní mílímítà 10 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù, oníbúrẹ́dì àdúgbò wọn sì ti gbà pé kó wá lo ààrò òun. Ètò rẹ̀ ni pé kó mú un gbóná, kó fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ títí á fi di ìdajì bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kó lu ihò yí etí rẹ̀ ká, kó wá fi bóòtù àti sílíkọ́ọ̀nù dè é mọ́ irin. Mítà 30 ló fẹ́ dé. Ìbéèrè rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mílímítà 10 á tó, àbí kí n wá oní 12?"

Àbúrò, 10 ò tó, 12 náà ò tó. Jọ̀ọ́, má tíì gbé ṣíìtì yẹn lọ sí ààrò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó o kọ, kì í ṣe bó ṣe nípọn ló bà mí lẹ́rù jù, ihò bóòtù tó o fẹ́ lu sí etí yẹn ni. Bí dóòmù bá máa bàjẹ́, etí ibi tó ti fara kan irin ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń fi gbogbo ọpọlọ wọn ro àárín, wọ́n á wá fi etí sílẹ̀ fún wẹ́dà kó bá wọn gbá a pọ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ nípípọn ná, torí òun lo béèrè. Ní mítà 30, omi ń tẹ ọkọ̀ ẹ ní ìlọ́po mẹ́ta afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀, yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Tó o bá fi ìyẹn lé ẹnu dóòmù tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8 àti ààbọ̀ tó ń tì í wọnú, láìsinmi, ní gbogbo àsìkò tó o bá fi wà nísàlẹ̀. Dóòmù lè gbé e o, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó gan-an nìyẹn. Bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ló rí, ẹrù tó bá wà lórí rẹ̀ á pín yí gbogbo ara rẹ̀ ká, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí etí. Dóòmù oní mílímítà 25 tí ìlàjì ìfẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 300, ohun tí ara rẹ̀ máa gbé ní mítà 30 ò ju nǹkan bíi megapascal 1.8 lọ (ìwọ̀n tá a fi ń ka bí wọ́n ṣe ń fún nǹkan pọ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn), àkírílíìkì gidi, ìyẹn ohun tí Perspex jẹ́, sì lè gba ìfúnpọ̀ tó ju 100 lọ kó tó fọ́. Wá mú àkírílíìkì kan náà, mílímítà 25 yẹn náà, ìfẹ̀ kan náà, kó o wá gé e pẹrẹsẹ bíi gíláàsì tábìlì: ojú rẹ̀ ti inú á máa fà ní nǹkan bíi megapascal 55, èyí tó sún mọ́ ibi tó ti máa fà ya pátápátá. Àkírílíìkì fẹ́ràn kí wọ́n fún un pọ̀, ohun tí kò fẹ́ rárá ni kí wọ́n máa fà á. Fi ìyẹn sọ́kàn torí gbogbo ohun tí mo bá sọ láti ibí lọ orí ẹ̀ ló dúró lé.

Kí ló wá dé tí mílímítà 10 tìẹ ò ṣiṣẹ́? Torí pé tó o bá fẹ́ ẹ tán, kò ní jẹ́ 10 mọ́. Ìdajì bọ́ọ̀lù fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ju pẹrẹsẹ tó o fi ṣe é lọ, nǹkan kan náà yẹn ló sì máa nà bò ó, nítorí náà tá a bá pín in dọ́gba, mílímítà 5 ló kù. Kì í tiẹ̀ ẹ́ pín dọ́gba, orí téńté rẹ̀ ló máa ń fẹ́lẹ́ jù. Dóòmù tó fẹ́lẹ́ kì í fọ́ nítorí pé agbára rẹ̀ tán, ṣe ló máa ń ká wọnú lójijì, kò sí àmì, kò sí ìkìlọ̀. Tó o bá ṣírò ẹ̀ sórí ìwé fún mílímítà 5, á sọ fún ẹ pé ó lè dé mítà 100. Irọ́ ni fún ẹni tó máa jókòó sínú ẹ̀, torí ìwé gbà pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe rogodo láìkù síbì kan, dóòmù gidi ò rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń tẹ́ níbì kan, ó máa ń fẹ́lẹ́ níbì kan, ìdí nìyẹn táwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń gé iye yẹn sí ìdámárùn-ún tàbí kí wọ́n gé e jù bẹ́ẹ̀. Ìdámárùn-ún 100 jẹ́ mítà 20. Ibi tó o sì ń lọ ni 30! Tó bá jẹ́ pé mílímítà 25 ló nípọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ́ ẹ tán, agbára tó fi ń kọ kíkáwọnú yẹn ti di ìlọ́po 25, torí pé tí nípípọn bá di ìlọ́po 5, ṣe la máa ń sọ 5 di ìlọ́po 5.

Gbogbo èyí sì ṣì wà ní ibi tí ilẹ̀ tutù o. Àwa tí a wà l'Abúja, tí oòrùn March ń fi wá ṣeré, a gbọ́dọ̀ fi ooru sí i. Àkírílíìkì máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ooru ṣe ń pọ̀, ní nǹkan bíi dígírì 105 á ti di nǹkan míì, àmọ́ tipẹ́tipẹ́ kó tó débẹ̀ lagbára rẹ̀ ti ń lọ. Ìwé òfin tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣe fèrèsé ohun tí èèyàn máa wà nínú ẹ̀ lábẹ́ prẹ́ṣọ̀, ASME PVHO-1 lorúkọ ẹ̀, ò gbà kí èèyàn yan nípípọn láìkọ́kọ́ yan ooru tó máa lò ó sí. Bí ooru bá ṣe ga sí i ni ìlọ́po ààbò tí wọ́n ń béèrè ṣe máa tóbi sí i. Iṣẹ́ Jerry Stachiw ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yẹn ti wá, ó bá àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ṣe fèrèsé, ó ń tẹ̀ ẹ́ nínú omi títí á fi fọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò jẹ́ gbé èèyàn sínú ohun tí kò tíì fọ́ irú ẹ̀ wò. NEMO, ọkọ̀ abẹ́ omi wọn tí wọ́n wọ̀ ní 1970, bọ́ọ̀lù àkírílíìkì lódindi tó fẹ̀ tó 168 sẹ̀ǹtímítà, nípọn tó mílímítà 64, ẹ̀yà méjìlá tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, mítà 180 péré sì ni wọ́n fún un láyè láti dé. Wo bí wọ́n ṣe ṣe sùúrù tó, àwọn tí ìjọba ń náwó fún.

Ohun kejì tí òfin yẹn ń ṣọ́ ni àsìkò. Àkírílíìkì tí wọ́n bá tẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin máa ń rọra fún ara sílẹ̀, kì í ṣe bí irin. Dóòmù tó gba mítà 30 fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè má gbà á fún odindi ọ̀sán, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé "a ti gbé e dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan kan."

Ó yá, etí.

Tọ́ọ̀nù 8 àti ààbọ̀ yẹn, ibo ló ń lọ? Etí ló ń lọ, gbogbo ẹ̀, sórí ìlà tóóró tó yí ọ ká. Tí etí yẹn bá jókòó dáadáa, ìfúnpọ̀ nìkan ni á máa rí. Tí ìjókòó bá ga níbì kan bí ìbú irun, ibẹ̀ nìkan ni ẹrù á lọ, ibi tó kù á máa tẹ̀, ibi tó bá ti ń tẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á. Ihò bóòtù tún wá burú jùyẹn lọ, ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan máa ń sọ ìfà yẹn di ìlọ́po, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wọlẹ̀ tó bá tún jáde ni ẹnu ihò ń gbà á. Mi ò rí ìdí kankan tí ihò fi gbọ́dọ̀ wà lára dóòmù tó ń gbé prẹ́ṣọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. O ò ní lo ìdajì bọ́ọ̀lù pátá, apá kan bọ́ọ̀lù ni wàá lò, tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀, torí pé á nà díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ, kò sì ní fẹ́lẹ́ púpọ̀. Wọ́n á wá gé etí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó dojú kọ àárín bọ́ọ̀lù yẹn gan-an, kí ẹrù lè gba ara dóòmù wọ inú irin tààrà, láìyà. Ìjókòó irin náà ní láti ní ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà, kó sì gùn wọnú ju etí dóòmù lọ díẹ̀, torí pé dóòmù máa ń rọra yọ̀ wọnú bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tí etí rẹ̀ ti inú bá yọ sófo, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nìyẹn. Gíríìsì sílíkọ́ọ̀nù á wà láàárín wọn kó lè yọ̀. Rọ́bà O-ring tàbí gáskẹ́ẹ̀tì rírọ̀ á wà ní etí ti òde, òrùka irin kan á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, bóòtù á gba inú òrùka yẹn lọ sínú irin ọkọ̀, kò ní fara kan àkírílíìkì rárá. Nígbà tó o bá wà lórí ilẹ̀, òrùka ló ń di dóòmù mú. Nígbà tó o bá wọlẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ló ń tì í mọ́ ìjókòó, bó o ṣe ń jìn sí i ló ń dì í pinpin sí i. Èyí wù mí gan-an, mo sì fẹ́ kó wu ìwọ náà, pé ohun tó fẹ́ pa ọ́ ló ń bá ọ ti ilẹ̀kùn.

Àwọn wẹ́dà wa mọṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, àmọ́ irin tí wọ́n bá jó ò ní ṣe rogodo mọ́, iná ti lọ́ ọ. Nítorí náà jẹ́ kí wọ́n jó òrùka ìjókòó mọ́ ara ọkọ̀ kí gbogbo iná tán pátápátá ná, kó o tó wá tọ́nà (ẹni tó ń fi maṣíìnì yí irin gé e) tó ní maṣíìnì ńlá tó lè gbà á. Ní Panteka ní Kàdúná wàá rí àwọn tọ́nà tí ọwọ́ wọn gún, mú àwòrán lọ, má fẹnu ṣàlàyé. Tí wọ́n bá gé e tán, fi àwọ̀ tínrín kun etí dóòmù, gbé e jókòó, yí i díẹ̀, gbé e kúrò, kó o wo irin: àwọ̀ náà gbọ́dọ̀ yí gbogbo ẹ̀ ká. Tó bá jẹ́ ojú mẹ́ta péré ni àwọ̀ ti mọ́ irin, ojú mẹ́ta yẹn ló máa gbé tọ́ọ̀nù mẹ́jọ.

Sílíkọ́ọ̀nù tó o sọ, èyí tó ń rùn bíi fínígà, má jẹ́ kó débẹ̀ rárá, áásíìdì inú rẹ̀ ló ń rùn yẹn. Àti pé fi àyè sílẹ̀ fún ooru. Àkírílíìkì máa ń wú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ju irin lọ. Tó o bá gbé ọkọ̀ sí oòrùn tí ara rẹ̀ gbóná tó dígírì 55, tó o wá tì í wọ omi dígírì 25, dóòmù oní 60 sẹ̀ǹtímítà á sún kì ju irin tó dì í mú lọ ní mílímítà kan gbáko. Tó bá há mọ́ra, á fà ara rẹ̀ ya láìjẹ́ pé omi tíì ṣe nǹkan kan. Aṣọ funfun ni kó o máa fi bò ó lórí trélà, kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì ṣí sílẹ̀.

Nípa ṣíìtì tó o rà, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá cast ni (èyí tí wọ́n dà kó dì) àbí extruded (èyí tí maṣíìnì tì jáde). Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gé fún sáìnbọ́ọ̀dù jẹ́ extruded, ó dára fún orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kò dára fún ẹ̀mí èèyàn. Cast nìkan la ń lò, kó sì ní ìwé tó sọ agbára rẹ̀. PVHO-1 ń béèrè pé kó lè gba ìfà tó tó megapascal 62. Má sì lẹ ṣíìtì méjì oní 12 pọ̀ kó o pè é ní 24, gọ́ọ̀mù ò ní gbé e bí ohun kan ṣoṣo.

Ààrò búrẹ́dì wá ńkọ́? Rárá. Àkírílíìkì tó nípọn fẹ́ ooru tó dọ́gba níwájú, lẹ́yìn, àti láàárín, ààrò wa kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó gbóná àti ibi tí kò gbóná, ibi tó bá gbóná jù á hó, wàá rí fúkẹ́fúkẹ́ nínú ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ́ ẹ tán tí wọ́n gé e, wọ́n gbọ́dọ̀ tún gbé e padà sínú ooru tí kò tó èyí tó máa rọ̀ ọ́, nǹkan bíi dígírì 80 sí 90, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí wọ́n wá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Annealing nìyẹn, òun ló ń tú ìdààmú tó sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa ṣe dóòmù fún ẹ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó o máa lọ.

O lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ. Tan laptop ẹ, jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun báláú, gbé àkírílíìkì síwájú rẹ̀, kó o wọ awò dúdú tó jẹ́ polarised, èyí táwọn apẹja òyìnbó ń wọ̀, kó o wá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ títí ojú laptop á fi ṣókùnkùn. Àkírílíìkì tí ara ẹ̀ balẹ̀ á dúdú bákan náà. Èyí tí ìdààmú wà nínú ẹ̀, wàá rí àwọ̀ bí ti òṣùmàrè, pupa, àwọ̀ ewé, àlùkò, wọ́n á kó jọ sí etí àti sí ẹnu ihò. Wo ihò àkọ́kọ́ tó o bá lu lára Perspex sáìnbọ́ọ̀dù ẹ báyìí, á yé ẹ ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lọ.

Tí ìdààmú yẹn bá wà níbẹ̀ tí ẹnì kan wá fi spirit tàbí pẹ́tíróòlù tàbí tínà nù ún, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ á yọ tó ń dán bíi fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìfọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọṣẹ àti omi ni kó o máa lò, nígbà ọyẹ́ sì rèé, da omi lé e kó o tó fi aṣọ kàn án, eruku tó ń ti Sàhárà bọ̀ yẹn iyanrìn ni.

Ìmọ̀ràn mi gan-an ni pé kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ẹ má ní dóòmù. Ṣe ilé orí kékeré tí orí á wọ̀, kó o fi fèrèsé pẹrẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún yí i ká, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà, kó nípọn tó mílímítà 25. Ní mítà 30 ìfà inú rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi megapascal 3 àti ààbọ̀, ó rọrùn fún tọ́nà, tí ọ̀kan bá sì ní àmì, wàá pààrọ̀ ọ̀kan. Auguste Piccard tó ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi Trieste gan-an ò lo dóòmù, àkírílíìkì tó nípọn tó gé bíi kóònù ló lò. Ní January 23, 1960 tí Jacques ọmọ rẹ̀ àti Don Walsh fi Trieste dé ìsàlẹ̀ òkun tó jìn jù láyé, fèrèsé kan ní ọ̀nà àbáwọlé ọkọ̀ sán lójú ọ̀nà, àmọ́ èyí tó wà lára yàrá tí wọ́n jókòó sí dúró digbí. Tó bá jẹ́ dóòmù lo fẹ́ dandan, rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é fún ọkọ̀ abẹ́ omi, pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó wọ́n, mo mọ̀. Fi ọdún kan sí i kó o fi kó owó jọ.

Nǹkan méjì sí i nípa dóòmù kí n tó kúrò níbẹ̀. Dóòmù ń sọ omi di awò ojú: ohun tó jìnnà gan-an á dà bí ẹni pé kò ju mítà kan lọ síwájú ẹ, á sì kéré. Tí ojú ẹ bá ti ń fẹ́ awò ìkàwé, mú un dání. Èkejì, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìdajì bọ́ọ̀lù oní 60 sẹ̀ǹtímítà á máa gbé imú ọkọ̀ sókè pẹ̀lú agbára bíi kílò 56, kó òjé sí iwájú.

Ibi tó o máa lò ó, o sọ pé Kainji. Ibi tó dáa ni, ó jìn tó mítà 60 níbi tó jìn jù, àmọ́ lọ nígbà tó yẹ. Omi tó ń wọlé láàárín August sí October, ẹrẹ̀ ni, òjò apá ọ̀dọ̀ wa ló kó o wá, o ò ní rí ọwọ́ ara ẹ. Èyí tó ń ti Guinea bọ̀, tó gba Mali kọjá tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀ lọ́nà, December ló máa ń dé, òun ló mọ́. Igi tó rì nígbà tí wọ́n sé omi yẹn ní 1968 ṣì lè wà nísàlẹ̀, àwọ̀n apẹja sì pọ̀, nítorí náà fi irin ṣe àgò yí dóòmù ká. Bá NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀ wa, sọ̀rọ̀ ní Lokoja, bá àwọn alábòójútó ìdídò náà, bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ láìsí èèyàn nínú ẹ̀, kó jìn ju ibi tó o fẹ́ dé lọ ní ìdámẹ́rin ó kéré tán, mítà 38 fún mítà 30 tìẹ, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Má ṣe é lórí ilẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, afẹ́fẹ́ tó bá tú jáde lójijì lè pa gbogbo ẹni tó dúró tì í. Tó o bá fà á sókè, tú òrùka, yọ dóòmù jáde, fọ̀ ọ́, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nígbà tí oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kó o fara balẹ̀ wo etí rẹ̀ ti inú yí ká, pẹ̀lú awò ńlá tó bá wà. Tó o bá rí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀ tí kò sí nígbà tó o gbé e wọlé, má wọ ọkọ̀ yẹn, wá ohun tó fà á lára ìjókòó kó o tó fi dóòmù míì sí i.